Ẹ Jẹ́ Kí Wọ́n Mọ Iye Kírẹ́díìtì Wọn Kí Wọ́n Tó Sanwó

Lọ́dún 1946, Heman Sweatt, adúláwọ̀ tó ń pín lẹ́tà ní ìlú Houston, kọ̀wé sí Yunifásítì Texas ní Austin pé òun fẹ́ wá kọ́ ìmọ̀ òfin. Wọn ò gbà á, nítorí àwọ̀ ara rẹ̀. Ó pè wọ́n lẹ́jọ́, ẹjọ́ náà dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà, ó sì jàre lọ́dún 1950. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń bá ìtàn náà dé tí wọ́n á fi dákẹ́. Ohun tó tẹ̀ lé e kò dùn-ún gbọ́. Sweatt wọlé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìhàlẹ̀ àti àìsàn dojú kọ ọ́, ìgbéyàwó rẹ̀ tú, ó sì kúrò níbẹ̀ lọ́dún 1952 láìgboyè.

Kò sí òfin tó ń lé adúláwọ̀ sẹ́yìn ní ẹnu ọ̀nà yunifásítì kankan ní Texas mọ́. Síbẹ̀, àwọn kan wà tó jẹ́ pé ẹ̀yìn ìgbà tí wọ́n bá wọlé tán ni ìyà wọn ń bẹ̀rẹ̀: àwọn ọmọ adúláwọ̀ tó kọ́kọ́ lọ sí kọ́múnítì kọ́lẹ́ẹ̀jì, ìyẹn ilé-ìwé ọlọ́dún méjì, tí wọ́n wá ṣe transfer lọ sí yunifásítì. Ọmọ wa ni púpọ̀ nínú wọn. Ẹni tó bá mọ Yorùbá tó wà ní Houston á mọ bó ṣe ń lọ. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tilé dé, tàbí abiyamọ tó ń tọ́jú arúgbó lóru, á forúkọ sílẹ̀ ní Houston Community College, torí pé owó ibẹ̀ ṣeé san, kíláàsì alẹ́ sì wà. Ó ní lẹ́yìn ọdún méjì, òun á kọjá sí Yunifásítì Houston, tàbí sí Texas Southern tó wà nítòsí rẹ̀ ní Third Ward.

Mélòó ló ń dé ibi tó ń lọ? Ìwádìí tí National Student Clearinghouse àti àwọn tí wọ́n jọ ṣe é gbé jáde lọ́dún 2024 fi hàn pé nínú 100 ènìyàn tó bẹ̀rẹ̀ ní kọ́múnítì kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Amẹ́ríkà, nǹkan bíi 16 ló gba oyè yunifásítì láàárín ọdún mẹ́fà. Tó bá jẹ́ adúláwọ̀ ni, nǹkan bíi 9 ni.

Kì í ṣe pé wọn ò mọ̀wé. GAO, ọ́fíìsì tó ń bá ilé aṣòfin Amẹ́ríkà yẹ iṣẹ́ ìjọba wò, sọ lọ́dún 2017 pé akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ṣe transfer ń pàdánù nǹkan bí ìdá 43 nínú 100 kírẹ́díìtì tó ti ní, ìyẹn òǹkà tí wọ́n fi ń ka kọ́ọ̀sì tí akẹ́kọ̀ọ́ ti yege mọ́ oyè rẹ̀. Ọ̀nà tí èyí fi ń ṣẹlẹ̀ kò hàn sójú. Yunifásítì lè sọ pé àwọn gba kọ́ọ̀sì náà, kí wọ́n sì kà á sí elective, ìyẹn kọ́ọ̀sì àfikún, tí kò ní dín nǹkan kan kù nínú ohun tí ọmọ náà gbọ́dọ̀ kọ́ kó tó di nọ́ọ̀sì tàbí ẹnjiníà. Òfin Texas ti ní kí kírẹ́díìtì 42 tó jẹ́ ìpìlẹ̀ máa kọjá láti ilé-ìwé ìjọba kan sí òmíràn láìsí àríyànjiyàn, èyí dára. Inú àwọn kọ́ọ̀sì tó jẹ́ ti iṣẹ́ tí ọmọ náà fẹ́ kọ́ gan-an ni wàhálà wà. Ẹni tó bá tún wọn kọ́, ó tún san owó wọn. Bẹ́ẹ̀, owó ìrànwọ́ Pell, tí ìjọba àpapọ̀ ń fún akẹ́kọ̀ọ́ tí kò lówó, kò ju sẹ́mẹ́sítà 12 lọ fún ẹnì kan ní gbogbo ayé rẹ̀. Ẹni tó bá ti ná mẹ́rin tàbí márùn-ún sí kọ́ọ̀sì tí wọn ò kà mọ́ ọn lọ́wọ́, ibo ló fẹ́ ti rí èyí tó máa fi parí?

Láti ọdún 2019 ni òfin Texas ti ní kí àwọn yunifásítì máa jábọ̀ fún ìjọba nípa àwọn kọ́ọ̀sì tí wọn ò gbà lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣe transfer. Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ tirẹ̀ ṣáájú ìjọba. Èrò wa ni pé kò yẹ kí yunifásítì kankan gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ọmọ tó ń ṣe transfer láìjẹ́ pé wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ fún un, kọ́ọ̀sì kan lẹ́yìn èkejì, èyí tó máa wọ inú oyè tó fẹ́ gbà àti èyí tí kò ní wọ̀ ọ́.

Ọ̀rọ̀ ìlera ọkàn wọn tún wà ńbẹ̀. Láti ọdún 1965 ni àwọn olùwádìí ti ṣàkíyèsí pé máàkì akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣe transfer sábà máa ń já wálẹ̀ ní sẹ́mẹ́sítà àkọ́kọ́. Ọdún kẹta ló wọlé, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti mọra, wọ́n ti mọ olùkọ́ tó ń ranni lọ́wọ́. Tó bá tún jẹ́ òun nìkan ni adúláwọ̀ nínú kíláàsì, tó sì gbọ́dọ̀ sáré dé ibi iṣẹ́ ní aago mẹ́fà, ta ló máa sọ fún pé nǹkan ò lọ déédéé? Tẹ́lẹ̀, ọ́fíìsì wà fún irú wọn. Òfin SB 17, òfin Texas tó ní kí àwọn yunifásítì ìjọba má ṣe ní ọ́fíìsì tó wà nítorí ẹ̀yà tàbí àwọ̀ akẹ́kọ̀ọ́, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní January 2024, ló pa ọ̀pọ̀ wọn rẹ́. Yunifásítì Texas ní Austin, níbi tí wọ́n ti fojú Sweatt rí màbo, ti Multicultural Engagement Center tiẹ̀ pa.

Àwọn tó ń gbè sẹ́yìn òfin náà ní kò kan ẹgbẹ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá dá sílẹ̀ fúnra wọn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ní ọdún méjì péré lò níbẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́, kò ní àyè láti máa darí ẹgbẹ́. Ẹni tí ilé-ìwé ń sanwó oṣù fún, tó jókòó sí ọ́fíìsì lójoojúmọ́, ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nílò.

Ẹ̀yin òbí náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé fi ọmọ tó lọ sí kọ́múnítì kọ́lẹ́ẹ̀jì wé ọmọ aládùúgbò tó bẹ̀rẹ̀ ní yunifásítì. A mọ àwọn ọmọ tí ìtìjú yìí kò jẹ́ kí wọ́n lè sọ nílé pé àwọn ti ń fìdí rẹmi.

SB 17 kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láti dá ọ́fíìsì sílẹ̀ fún gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣe transfer, dúdú àti funfun. Kí yunifásítì kọ̀ọ̀kan ní Texas dá a sílẹ̀, kó fi agbaninímọ̀ràn tó mọ ọ̀rọ̀ kírẹ́díìtì àti oníṣègùn ọkàn síbẹ̀, kó sì máa ṣí i di aago mẹ́jọ alẹ́, nígbà tí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lè dé ibẹ̀. Kí àwọn aṣòfin tó fọwọ́ sí SB 17 pèsè owó rẹ̀.