Báàsì Alàgbà Dé Ládípọ̀

(Ṣọ́ọ̀bù Músílíù, ẹni tó ń kun mọ́tò ní Ládípọ̀, ní Mushin. Alàgbà Dúró wọlé. Ó fi aṣọ òkè we nǹkan kan, ó gbé e mọ́ àyà bí ọmọ ìkókó.)

MÚSÍLÍÙ: Bàbá, ẹ káàárọ̀ sà. Mọ́tò yín dà?

ALÀGBÀ: Òun nìyí. (Ó tú aṣọ.)

MÚSÍLÍÙ: Háà! Táyà ẹ̀ ńkọ́?

ALÀGBÀ: Má fi mí ṣẹ̀fẹ̀ láàárọ̀, Músílíù. Báàsì ni, gìtá olóhùn ìsàlẹ̀. Fender Precision, ọdún 1961. Bàbá ẹ ò tíì mọ ìyá ẹ nígbà tí wọ́n kùn ún.

MÚSÍLÍÙ: Bàbá, mọ́tò lèmi ń kùn. Káfíńtà wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì.

ALÀGBÀ: Mọ́tò náà ni mo gbé wá! Pupa yìí, Fiesta Red ló ń jẹ́. Ford fi kun Thunderbird ní 1956. Leo Fender tó ń ṣe gìtá ní Fullerton, ní California, ọ̀dà mọ́tò DuPont ló rà. Ọ̀dọ̀ káfíńtà ni kí n gbé e lọ àbí ọ̀dọ̀ ẹ?

MÚSÍLÍÙ: Ford kẹ̀? Ẹ ò tètè sọ. Tókunbọ̀ ni àbí tíà-rọ́bà?

ALÀGBÀ: Ọ̀gá tí mo ń bá ṣeré ló fún mi ní 1978. Ó jẹ mí lówó oṣù mẹ́rin, ó ní kí n máa gbé báàsì lọ.

MÚSÍLÍÙ: Ìyẹn ni pé gbèsè lẹ ń ta látìgbà yẹn. Kò burú. Màá bó gbogbo ẹ̀ kanlẹ̀, màá fún un ní ọ̀dà lẹ́ẹ̀mẹta, màá fi klíà lé e. Ẹ máa rí irùngbọ̀n yín nínú ẹ̀.

ALÀGBÀ: (Ó já báàsì gbà, ó tún gbá a mọ́ra.) Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Ibi tí ọ̀kadà ti gbé e ṣubú nìkan, ibi tó tó àtẹ́lẹwọ́ yìí, ni kí o kùn. Kó sì rí bí ẹni pé o ò kùn ún.

MÚSÍLÍÙ: Kí n kùn ún, kó dà bí ẹni pé mi ò kùn ún.

ALÀGBÀ: O gbọ́ mi.

MÚSÍLÍÙ: Kí ẹ̀yin náà wá sanwó bí ẹni pé ẹ ò sanwó?

(Wọ́n tú ike alámì ẹ̀yìn ìjàpá tó wà lójú báàsì. Sukúrù 13 ló dè é. Alàgbà ń kà wọ́n sínú abọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan bí olówó àjọ. Méjì nínú wọn, sukúrù ilẹ̀kùn ni, ṣùgbọ́n ojú tì í láti sọ ọ́.)

MÚSÍLÍÙ: Bàbá! Abẹ́ ibí pupa bí ata rodo. Ìta ti di àwọ̀ edé.

ALÀGBÀ: Oòrùn ni, òógùn ni, èéfín sìgá ilé ijó ni. Bí ìgbà téèyàn bọ́ aago ọwọ́ ẹ̀ náà ni.

MÚSÍLÍÙ: Èwo la wá fẹ́, ata rodo àbí edé?

ALÀGBÀ: Edé. Edé tó ti pẹ́ lórí àtẹ.

KÀMỌ́RÙ: (Ọmọṣẹ́ ni. Ó sáré dé.) Ọ̀gá, mo rí nọ́ńbà ẹnìkan lẹ́yìn fọ́lúùmù yìí. 3046112. Mo pè é, wọ́n ní nọ́ńbà náà ò pé.

ALÀGBÀ: Ta ló ní kó o pè é? 304, Stackpole tó ṣe fọ́lúùmù nìyẹn. 61 ni ọdún. 12 ni ọ̀sẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kejìlá ọdún 1961!

MÚSÍLÍÙ: Ṣé ó ń ṣiṣẹ́?

ALÀGBÀ: Ó ń ké kràà-kràà láti 1994.

MÚSÍLÍÙ: Ẹ jẹ́ á ra tuntun.

ALÀGBÀ: Tuntun! Ohun tí wọ́n bí mọ́ ọn làwọn òyìnbó ń wá, pàápàá èyí tí wọ́n ṣe kí CBS, ilé-iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà, tó ra ilé-iṣẹ́ Fender ní 1965. Fọ̀ ọ́, dá a padà. Wáyà inú ẹ̀ tó wọ aṣọ yẹn, má gé e o.

MÚSÍLÍÙ: Wáyà wọṣọ, gìtá wọ aṣọ òkè. Ẹ wo Kàmọ́rù, kò rí bùbá wọ̀. Okùn yìí ńkọ́? Ó ti dọ̀tí.

ALÀGBÀ: James Jamerson tó ta báàsì sí orin Motown, ilé-iṣẹ́ olórin ní Detroit, ní Amẹ́ríkà, kì í pààrọ̀ okùn àfi tó bá já.

MÚSÍLÍÙ: Bí èmi náà ṣe ń ṣe táyà mi nìyẹn.

(Kàmọ́rù tún dé. Inú ẹ̀ ń dùn, ìyẹn ló yẹ kó kọ́kọ́ ba Alàgbà lẹ́rù.)

KÀMỌ́RÙ: Ọ̀gá, mo ti tú ọrùn ẹ̀, sukúrù mẹ́rin péré ni. Mo rí ìdọ̀tí nídìí ẹ̀.

ALÀGBÀ: Ìdọ̀tí wo?

KÀMỌ́RÙ: Ẹnìkan fi pẹ́ńsùlù kọ 5, ó kọ 61 tẹ̀ lé e. Ìkọkúkọ ni, sà. Mo ti fi bébà ha á. Ó mọ́ kedere.

(Alàgbà jókòó sórí táyà. Kò sọ̀rọ̀. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn ẹ̀ ti rẹlẹ̀ ju báàsì lọ.)

ALÀGBÀ: Ẹni tó gbẹ́ ọrùn yẹn ní Fullerton ló fọwọ́ ara ẹ̀ kọ ọ́. Ọjọ́ ìbí ọrùn náà ni: oṣù karùn-ún, 1961.

MÚSÍLÍÙ: Kàmọ́rù, wá pẹ́ńsùlù kíá. Bàbá, ẹ nu ojú yín. Ọdún wo lẹ fẹ́?