Hitler kọ́ ló bẹ̀rẹ̀ sí í kó ohun ìjà jọ fún Jámánì o

Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa gbàgbọ́ ni pé lẹ́yìn ogun àgbáyé àkọ́kọ́, Jámánì jókòó jẹ́ẹ́, wọ́n ń pa àdéhùn Versailles, ìyẹn àdéhùn tí wọ́n fi parí ogun yẹn, mọ́, àfìgbà tí Hitler gorí oyè lọ́dún 1933 tó fa ìwé àdéhùn yẹn ya. Ó rọrùn láti sọ, ọkùnrin burúkú kan ló dé ló ba gbogbo ẹ̀ jẹ́, ó parí. Àmọ́ kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ìjọba tó wà níbẹ̀ kí Hitler tó dé, ìjọba alágbádá tí wọ́n ń pè ní Weimar, ti ń rú àdéhùn yẹn lábẹ́lẹ̀ fún ohun tó ju ọdún mẹ́wàá lọ, àwọn mínísítà kan mọ̀ sí i, wọ́n sì ń fọwọ́ sí owó ẹ̀.

Ẹ wo ohun tí àdéhùn 1919 yẹn sọ ná. Sójà Jámánì ò gbọdọ̀ ju 100,000 lọ, wọn ò gbọdọ̀ ní táńkì, wọn ò gbọdọ̀ ní ọkọ̀ òfúrufú ogun, ọkọ̀ ogun abẹ́ omi èèwọ̀, gáàsì olóró èèwọ̀, kí wọ́n sì tú àwọn ọ̀gá tó ń jókòó ṣètò ogun ká. (Àdéhùn yẹn kan náà ló gba Tógò lọ́wọ́ wọn, ká rántí.) Ṣé wọ́n wá tú àwọn ọ̀gá yẹn ká? Orúkọ ni wọ́n yí padà. Wọ́n ní ọ́fíìsì tuntun ni, Truppenamt, Hans von Seeckt ló kọ́kọ́ ṣe olórí ẹ̀ kó tó di ọ̀gá gbogbo sójà lọ́dún 1920, iṣẹ́ àná náà ni wọ́n sì ń bá lọ níbẹ̀.

Ní April 1922 Jámánì àti Rọ́ṣíà tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn ní Rapallo, ìlú kan ní Ítálì. Àwọn méjèèjì ni ayé ń sá fún nígbà yẹn, ni wọ́n bá rí ara wọn. Lójú gbogbo èèyàn ọ̀rọ̀ ìṣòwò ni, àmọ́ nígbà tó fi máa di 1925 Jámánì ti ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn awakọ̀ òfúrufú ogun ní Lipetsk, nínú Rọ́ṣíà lọ́hùn-ún, níbi tí ojú òyìnbó Faransé ò lè tó. Ọkọ̀ òfúrufú Fokker 50 ni wọ́n rà láti Họ́láńdì kó lọ síbẹ̀. Ọ́físà tó bá ń lọ, wọ́n á kọ́kọ́ yọ orúkọ ẹ̀ kúrò nínú ìwé iṣẹ́ ológun, á wọ aṣọ alágbádá, á mú páásìpọ́ọ̀tù irọ́ dání, tó bá padà dé wọ́n á tún gbà á sẹ́nu iṣẹ́ bí ẹni pé ìsinmi ló lọ. Ní 1929 wọ́n tún ṣí ti táńkì sí ẹ̀bá Kazan. Orúkọ tí wọ́n fi bo táńkì yẹn mọ́lẹ̀ ni katakata ńlá, àfi bí ẹni pé oko ni wọ́n fẹ́ fi ro. Gáàsì olóró náà ńkọ́, wọ́n ní ibi tí wọ́n ti ń dán an wò ní Rọ́ṣíà kan náà.

Ti ọkọ̀ abẹ́ omi ló yà mí lẹ́nu jù. Ní 1922 wọ́n dá kọ́ńpìnì kan sílẹ̀ ní Họ́láńdì, IvS lorúkọ ẹ̀, kọ́ńpìnì Họ́láńdì ni lórí ìwé o, àmọ́ ẹnjiníà Jámánì ló kún ibẹ̀, iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa ya àwòrán ọkọ̀ abẹ́ omi fún Túọ́kì, Sípéènì àti Fínlándì, wọ́n á kàn án níbẹ̀, wọ́n á dán an wò níbẹ̀, ìmọ̀ yẹn ò wá ní í sọnù. Nígbà tó wá di June 18, 1935, ìjọba Ìlú Ọba fọwọ́ sí i pé kí Jámánì lè ní ọkọ̀ abẹ́ omi. Ní June 29, ọjọ́ 11 péré lẹ́yìn ẹ̀, ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì tó ń jẹ́ U-1 ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ta ló ń kan ọkọ̀ abẹ́ omi lọ́jọ́ 11?

Àbùkù tún wà nínú ẹ̀. Ọ̀gá kan nínú ológun orí omi wọn, Walter Lohmann, ni wọ́n kó owó àṣírí lé lọ́wọ́, ló bá ń fi owó yẹn ṣe òwò káàkiri, ó dá sínú kọ́ńpìnì fíìmù tó ń jẹ́ Phoebus, ó tún dá sínú òwò ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n fẹ́ máa tà fún àwọn ará Ìlú Ọba. Kọ́ńpìnì fíìmù yẹn wó lulẹ̀, oníròyìn kan tú u síta lọ́dún 1927, mínísítà ológun, Otto Gessler, sì kúrò níbẹ̀ ní January 1928. Wọn ò tìtorí ẹ̀ dáwọ́ dúró.

Ẹ má rò pé ẹnikẹ́ni ò mọ̀ nígbà yẹn. Manchester Guardian, ìwé ìròyìn Ìlú Ọba, gbé ọ̀rọ̀ Rọ́ṣíà yẹn jáde ní December 1926, Philipp Scheidemann, aṣòfin Jámánì kan, dìde nínú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ó sọ ọ́ síta, wọ́n ń pariwo ọ̀dàlẹ̀ lé e lórí, ìjọba ṣubú lọ́jọ́ kejì. Oṣù tó tẹ̀ lé e, January 1927, ni àwọn ọ́físà orílẹ̀-èdè tó ṣẹ́gun tó ń ṣọ́ Jámánì di ẹrù wọn, wọ́n lọ sílé. Mi ò mọ ohun tí èèyàn tún fẹ́ pe ìyẹn.

Hitler ńkọ́? Mi ò gbè é lẹ́yìn o, ó sọ nǹkan tó kéré di ńlá gan-an ni, ní March 1935 ló jáde síta gbangba pé òun máa fi dandan mú àwọn ọ̀dọ́ wọṣẹ́ ológun. Àmọ́ àwọn awakọ̀ òfúrufú tó kọ́ṣẹ́ ní Lipetsk ti wà nílẹ̀ kó tó dé. Lẹ́yìn 1945 ó wá rọ àwọn ọ̀gágun tó kù lọ́rùn láti di gbogbo ẹ̀ lé e lórí, ó ti kú, kò lè bá wọn jiyàn.

Ẹni tó sì jìyà ọ̀rọ̀ yìí jù ni Carl von Ossietzky, olóòtú ìwé ìròyìn Die Weltbühne. Ní 1929 ó gbé àpilẹ̀kọ kan jáde lórí ọkọ̀ òfúrufú tí wọ́n ń kó jọ lábẹ́lẹ̀, ni wọ́n bá pe é lẹ́jọ́ pé ó tú àṣírí ìlú, ní November 1931 wọ́n dá ẹ̀wọ̀n oṣù 18 fún un. Ẹ wo ọdún yẹn dáadáa, Hitler ò tíì dórí àga, adájọ́ ìjọba alágbádá ló dá a lẹ́bi. Ìjọba Hitler tún wá gbé e lọ sí àgọ́ ìfìyàjẹni, ibẹ̀ ló ti ṣàìsàn, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel ti àlàáfíà, ó kú ní 1938. Lọ́dún 1992 ilé ẹjọ́ àpapọ̀ Jámánì kọ̀, wọ́n ní àwọn ò ní tún ẹjọ́ ẹ̀ gbọ́, ìdájọ́ yẹn sì wà bẹ́ẹ̀.