Ẹ Má Sọ Fún Mi Mọ́ Pé Gíláàsì Ni Gíláàsì

Inú ń bí mi, mi ò sì ní fi bò. Láti ìgbà tí òkúta ti ta láti abẹ́ táyà típà kan lójú ọ̀nà Gbọ̀ngán, tó fọ́ gíláàsì iwájú ọkọ̀ ìjàpá tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi, ìdáhùn kan náà ni mò ń gbọ́ lẹ́nu gbogbo ẹni tí mo bá bi léèrè ní ìgboro Òṣogbo: "Ìjàpá ni gbogbo ìjàpá. Gíláàsì ni gíláàsì." Irọ́ ni! Irọ́ yẹn ló sì ń gba owó lọ́wọ́ èèyàn.

Volkswagen ìjàpá tí ẹ mọ̀ yẹn kì í ṣe oríṣi kan. Títí di àárín ọdún 1964, gíláàsì iwájú rẹ̀ tẹ́jú pẹrẹsẹ. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà, wọ́n fẹ̀ ẹ́, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Nígbà tó di oṣù kẹjọ 1972, 1303 jáde, irú èyí tí bàbá mi ní. Gíláàsì iwájú tirẹ̀ yọ ikùn síta, ó tẹ̀ bí ọrun ọdẹ. Ẹni tó bá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ náà á rí i kedere. 1303 onírin lórí kò pẹ́ lọ́jà, 1975 ni wọ́n dá a dúró; èyí tó ní òrùlé aṣọ nìkan ló dé 1980. Ṣùgbọ́n ìjàpá tí gíláàsì rẹ̀ tẹ̀ díẹ̀ yẹn, Mẹ́síkò ṣì ń ṣe é títí di oṣù keje 2003. Ìdí nìyẹn tí tiwọn fi wà lọ́jà, tí tèmi sì ṣọ̀wọ́n. Ẹ ò lè fi ọ̀kan sójú ihò èkejì. Kò lè wọlé!

Gbogbo èyí ni mo ṣàlàyé fún oníṣòwò kan l'Ékòó lórí fóònù. Mo fi fọ́tò ránṣẹ́. Mo wọn ihò náà, lókè, nísàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, mo kọ ọ́ fún un. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọkàn balẹ̀, òun gan-an ló wà níwájú mi yìí." Mo sanwó. Wọ́n fi wébíìlì gbé e wá sí gáréèjì. Inú búùtù ni wọ́n tẹ́ ẹ sí, wọ́n wá gbé àpò gààrí lé e lórí. Gíláàsì tó yẹ kó dúró lórí etí rẹ̀, kí wọ́n fi fóòmù há a kó má mì! Nígbà tí mo máa tú bébà ara rẹ̀, ó ti sán láti igun dé igun. Ìyẹn gan-an kọ́ ló dùn mí jù. Èyí tó sán náà, ti ìjàpá 1200 ni, irú mìíràn pátápátá, kì í ṣe ti 1303. Mo pe ọkùnrin náà padà, ó ní ọjà tí àwọn bá ti tà, àwọn kì í gbà á padà, pé ó wà lára rìsíìtì. Ó gba owó lórí ohun tí kò wọ̀n, tí kò tilẹ̀ wò dáadáa.

Nílé níbí ńkọ́? Ọ̀kan nínú àwọn tó ń gé gíláàsì fèrèsé ní kí n jẹ́ kí òun gé ti ilé fún mi, òun á fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Ti ilé! Bí ìyẹn bá fọ́, ọ̀bẹ gígùn gígùn ló máa ń dà, ojú àti ọrùn èmi àti ọmọ mi ló sì máa bá. Ti ọkọ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan wà tó jẹ́ ìpele gíláàsì méjì tí wọ́n fi ike há láàárín, tó bá sán, kò ní já bọ́. Èkejì, wọ́n ń yan án nínú iná tó lé ní 600 lórí òṣùwọ̀n Celsius, wọ́n á wá fi atẹ́gùn fẹ́ ẹ kó tutù kíá. Ìyẹn ló máa ń fọ́ wẹ́wẹ́. Èyí tí wọ́n bá ti yan báyẹn, kò sí ọ̀bẹ tó lè gé e mọ́, tí ẹ bá gbìyànjú ẹ̀, á fọ́ wẹ́wẹ́ ni. Mi ò sì nílò gọ́ọ̀mù. Rọ́bà ló di gíláàsì ìjàpá mú: ẹ ki okùn sínú ojú rọ́bà, ẹ fi omi ọṣẹ pa á, ẹnì kan ń tì í láti ìta, ẹnì kan ń fa okùn láti inú. Àwọn mẹkáníìkì àtijọ́ mọ̀ ọ́n.

Ẹlòmíì ní kí n fi ike olójú gíláàsì. Kí eruku ọyẹ́ àti wáípà họ ọ́ títí tí mi ò fi ní rí ọ̀nà lálẹ́?

Ẹ tún wá ń bi mí pé kí ló kàn mí kan àmì tó wà ní igun gíláàsì. Ó kàn mí gan-an. Ti Jámánì ayé ìgbà yẹn máa ń ní orúkọ gíláàsì bíi Sekurit tàbí Sigla lára. Èyí tí ẹ bá rí lẹ́tà E nínú òbíríkítí pẹ̀lú 43R, òfin àjọ UN lórí gíláàsì ọkọ̀, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1981, ló gbé e wá. Tó bá wọ ihò mi rẹ́gí, màá lò ó kí ọkọ̀ lè rìn ná. Àmọ́ ẹ má pè é ní ojúlówó 1973, kí ẹ wá fi owó lé e.

Èyí tó sì ń mú mi gbóná jù lọ ni ti àwọn tó ń ra irin àlòkù. Nígbà kan, ìjàpá ni wọ́n ń tò pọ̀ ní ilé iṣẹ́ Volkswagen lójú ọ̀nà Àgbádárìgì l'Ékòó, 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, ó kún ẹ̀yìnkùlé àwọn àgbà wa. Lápá Òkè-Baálẹ̀, mo gbọ́ pé bàbá kan fẹ́ ta tirẹ̀, mo sáré lọ. Wọ́n ti fi òòlù fọ́ gíláàsì rẹ̀ mọ́lẹ̀, torí irin nìkan ni wọ́n ń wọ̀n lórí òṣùwọ̀n. Mo wo ara ọkọ̀ náà: iná ẹ̀yìn ńlá olóbìírí, dáṣíbọ́ọ̀dù tó yọ síta. 1303 ni! Mo ní, "Bàbá, ẹ̀ bá ti ké sí mi, màá san owó gíláàsì lọ́tọ̀." Bàbá náà ní ta ló ń ra gíláàsì.

Èmi ni mò ń rà á. Ẹni tó bá ní gíláàsì iwájú 1303, kó gbé okùn lé orí ìtẹ̀ rẹ̀ láti etí dé etí, kó wọn ọ́n, kó ya fọ́tò igun tí àmì wà, kó tó dá iye lé e. Ibikíbi tó bá wà, èmi fúnra mi ló máa wá gbé e. Ẹ má fi wébíìlì ránṣẹ́ sí mi.