Ẹ bo ẹlẹ́rìí láṣìírí
Mo ka ìròyìn kan tó ní àwọn ọlọ́pàá ń bẹ̀ wá pé kí ẹni tó bá mọ nǹkan nípa àwọn tí wọ́n jí gbé wá sọ ọ́. Ta ni yóò wá? Ìyá kan tó ń ta bọ̀ọ̀lì ládùúgbò wa l'Óṣogbo rí mọ́tò tí wọ́n fi gbé ọmọkùnrin kan lọ. Orí káńtà àgọ́ ọlọ́pàá, lójú gbogbo èrò, ni wọ́n ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, tí wọ́n ń pe orúkọ àti ojúlé rẹ̀ sókè. Kò jáde tajà mọ́. Bẹ́ẹ̀, òfin ìjọba àpapọ̀ lórí ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn (ACJA) ti ọdún 2015 gbà kí ilé ẹjọ́ bo orúkọ ẹlẹ́rìí nínú àwọn ẹ̀sùn kan. Ẹ̀yin ọlọ́pàá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú àwọn ẹlẹ́rìí wọ yàrá kí ẹ tó gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn. Kí ẹ sì máa pe ẹbí ẹni tó sọnù, kódà bí kò sí ohun tuntun. Orí Facebook kọ́ ló yẹ kí wọ́n ti gbọ́ nípa ọmọ wọn.