Ojú irin kan náà kò sọ ilé di ìwọ̀n kan náà

Ó ti sú mi kí n máa gbọ́ ọ pé bí àwòṣe rélùwéè méjì bá ti ń lo ojú irin kan náà, ilé wọn bára mu. Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, níbi ìpàtẹ àwòṣe rélùwéè kan ní London níbí, ọ̀dọ́mọkùnrin kan dúró sídìí tábìlì tí wọ́n ti ń ta àwọn ilé kéékèèké. Ó fẹ́ ṣe ìdíkọ̀ rélùwéè kan ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1944, nígbà tí wọ́n ń kó sọ́jà àti táǹkì lọ sí etíkun kí wọ́n tó kọjá sí Normandy. Orí ọkọ̀ tó ń fa rélùwéè rẹ̀, àwọn wágọ́nù rẹ̀, àwọn sọ́jà rẹ̀, 1:76 ni gbogbo wọn, ìyẹn ni pé ohun gidi fi ìlọ́po 76 tóbi jù wọ́n lọ. Ilé tó gbé dání jẹ́ 1:87. Ó béèrè bóyá wọ́n á bára mu. Àgbàlagbà kan tó wà nítòsí ló dá a lóhùn pé kó máa rà á lọ, pé ojú irin kan náà ni OO (orúkọ tí wọ́n ń pe ìwọ̀n 1:76) àti HO (ìyẹn 1:87) ń lò, nítorí náà ọ̀kan náà ni wọ́n. Ọmọ náà sanwó. Kí n tó la àárín èrò kọjá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ti lọ.

Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí mo ti ń gbọ́ irú ìmọ̀ràn yìí. Irọ́ ni, ó sì ń na àwọn èèyàn lówó.

Òótọ́ kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀: àlàfo àárín irin méjèèjì jẹ́ mìlímítà 16.5 nínú OO àti nínú HO. Ibẹ̀ ni òótọ́ parí sí. HO jẹ́ 1:87, ìyẹn ni pé mìlímítà kan lórí tábìlì dúró fún mìlímítà 87 nílé ayé. OO jẹ́ 1:76. Àlàfo irin gidi ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ mìlímítà 1,435. Ẹ fi 87 pín in, ẹ ó rí 16.5 géérégé. Ẹ wá fi 76 pín in, nǹkan bí 18.9 ni yóò jáde. Ojú irin OO fúnra rẹ̀ ló dín kù! Bí ó bá jẹ́ pé òun ni a fẹ́ gbà gbọ́, a jẹ́ pé ọkọ̀ ojú irin àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń sáré lórí irin tí àlàfo rẹ̀ kò pé mìlímítà 1,260. Ohun tó fà á ni pé orí ọkọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì kéré ju ti ilẹ̀ Yúróòpù yòókù lọ, nítorí ihò abẹ́ òkè àti afárá wọn há. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àwọn àwòṣe yìí, ṣáájú Ogun Àgbáyé Kejì, mọ́tò tó wà, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tó ń mú àwòṣe rìn, kò lè wọ inú orí ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó jẹ́ 1:87. Wọ́n bá fẹ orí ọkọ̀ náà tóbi, wọ́n sì fi irin sílẹ̀ bó ṣe wà. Ohun tí wọ́n fi tán ìṣòro mọ́tò nígbà náà ni àwọn kan wá ń fi wọn ilé lónìí.

Ẹ jẹ́ kí n fi ti ilé wa ṣe àpẹẹrẹ. Rélùwéè tó ti Èkó dé Ìbàdàn lọ́dún 1901, mìlímítà 1,067 ni àlàfo irin rẹ̀. Bí èmi bá fẹ́ fi irin 16.5 yẹn kan náà ṣe àwòṣe rẹ̀, ìwọ̀n 1:64 ni mo gbọ́dọ̀ lò. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwọn ará New Zealand ń ṣe, nítorí irú irin yẹn ni tiwọn náà. Ó ti di ìwọ̀n mẹ́ta báyìí lórí irin kan ṣoṣo. Ilẹ̀kùn tó ga ní mítà méjì yóò jẹ́ mìlímítà 31 nínú 1:64, 26 nínú 1:76, àti 23 nínú 1:87. Ta ló máa to àwọn mẹ́ta yìí síwájú ara wọn tó máa sọ pé ọ̀kan náà ni wọ́n?

Èmi náà ti jìyà rẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi ń dùn mí. Ìdíkọ̀ àkọ́kọ́ tí mo rà jẹ́ 1:87. Ẹni tó tà á fún mi fi dá mi lójú pé kò séwu. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ṣe é ní alaalẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́. Mo kun bíríkì rẹ̀ ní àwọ̀ pupa ràkọ̀ràkọ̀, mo fi èédú lọ̀ ọ́ díẹ̀ kí ó lè dà bí ilé tí èéfín ti bà jẹ́, mo gé bébà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ̀ mọ́ dígí fèrèsé bí wọ́n ti ń ṣe nígbà bọ́ǹbù. Mo kun etí pèpéle ní funfun, nítorí òkùnkùn ni wọ́n ń wà lálẹ́ nígbà ogun, kí èrò má baà já sójú irin. Mi ò gbé pátákó orúkọ ìdíkọ̀ kankan kọ́, nítorí láti ọdún 1940 ni wọ́n ti yọ wọ́n kúrò kí ọ̀tá má baà mọ ibi tó dé. (Ọ̀pọ̀ ló ń gbàgbé èyí.) Lẹ́yìn náà ni mo to àwọn sọ́jà mi, tí wọ́n jẹ́ 1:76, sórí pèpéle, mo sì gbé ọ̀kan síwájú ilẹ̀kùn yàrá tíkẹ́ẹ̀tì.

Ọmọbìnrin mi, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ nígbà náà, fi àgbọ̀n lé etí tábìlì, ó wò ó títí. Ó ní, "Dádì, ṣé wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí wọ́n tó wọlé ni?"

Mo mú rúlà. Ilẹ̀kùn náà jẹ́ mìlímítà 23. Sọ́jà náà, pẹ̀lú akoto irin lórí rẹ̀ àti pẹlẹbẹ ike tó dúró lé, jẹ́ 25. Orí rẹ̀ ti kọjá àtẹ́rígbà. Jíìpù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé jẹ́ mìlímítà 44, tó bá jẹ́ 1:87 ni, kò ní pé 39. Táǹkì Sherman tó wà lórí wágọ́nù gùn ní mìlímítà 77, nígbà tó yẹ kó jẹ́ 67 bí ilé yẹn bá ni ká tẹ̀ lé. Gbogbo ogun tí mo kó jọ wá dà bí òmìrán tó wá gba ilé ọmọ kékeré. Láti ìgbà tí ọmọ náà ti sọ ọ́, mi ò lè wo tábìlì yẹn kí n má rí ilẹ̀kùn yẹn.

Àwọn kan á ní wọ́n kọ "OO/HO" sára páálí. Ẹni tó fẹ́ tà fún ìhà méjèèjì ló kọ ọ́. Àwọn mìíràn á ní ojú kì í mọ̀ ọ́n. Ojú mọ̀ ọ́n, ó kàn lè má mọ ohun tó ń dà á láàmú ni. Bí ẹ bá ka gígùn, ìbú àti gíga pọ̀, ilé 1:76 fi nǹkan bí ìdajì tóbi ju irú rẹ̀ tó jẹ́ 1:87 lọ.

Mo gbà pé bí ilé bá wà lẹ́yìn pátápátá, lórí òkè, tí èèyàn tàbí ọkọ̀ kankan kò sí nítòsí rẹ̀, 1:87 lè mú kí ó dà bíi pé ó jìnnà. Sọ́jà 1:72 láàárín àwọn 1:76 kò sì burú jù, nítorí èèyàn ga jura lọ. Àmọ́ ìdíkọ̀ kì í wà lẹ́yìn. Ẹnu rẹ̀ ni gbogbo ogun dúró sí.

Nítorí náà, ẹ mú rúlà dání lọ sí ọjà. Ẹ wọn ilẹ̀kùn kí ẹ tó ka ohun tó wà lára páálí, pàápàá nítorí pé àwọn ilé kan wà tí wọ́n tún gé kúrú kí wọ́n lè gba orí tábìlì. Fún ìdíkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilẹ̀kùn tí kò bá tó mìlímítà 26 kì í ṣe tiyín. Ẹ ka ìlà bíríkì mẹ́wàá láti ìsàlẹ̀ lọ sókè: nínú 1:76, ó yẹ kó jẹ́ nǹkan bíi mìlímítà 10, torí pé ìlà mẹ́rin ló máa ń pé ẹsẹ̀ bàtà kan nílé gidi. Ẹ wo pèpéle náà. Ti Gẹ̀ẹ́sì ga tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta sórí irin, mìlímítà 12 lórí tábìlì. Ọ̀pọ̀ ìdíkọ̀ 1:87 tó wà lọ́jà jẹ́ ti Jámánì, níbi tí pèpéle tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 38 péré ti wọ́pọ̀, ìyẹn sì kéré sí mìlímítà 5. Bí ẹ bá gbé ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì dúró síbẹ̀, èrò á ní láti fo sílẹ̀.

Èmi fi páálí kọ́ ìdíkọ̀ kejì fúnra mi, ilẹ̀kùn rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 26. Sọ́jà yẹn ló dúró sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ báyìí, àyè sì ṣẹ́ kù díẹ̀ lórí akoto rẹ̀. Mo fi ti àkọ́kọ́ ta ọ̀rẹ́ kan tó ń ṣe ìlú kan ní Jámánì lọ́rẹ, níbi tó yẹ kó wà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ìwọ ọ̀dọ́mọkùnrin ọjọ́ Sátidé, bí o bá rí èyí kà, jọ̀ọ́ má tíì fi gọ́ọ̀mù kan ilé yẹn. Gbé sọ́jà rẹ kan síwájú ilẹ̀kùn rẹ̀ ná, kí rísíìtì tó sọnù mọ́ ẹ lọ́wọ́.