Kí a tó ka bàálù ogun, ẹ jẹ́ kí a béèrè ẹni tó ń tún un ṣe

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń gbé ní ojúlé kejì sí wa ní Ìbàdàn ló tì mí sínú ọ̀rọ̀ yìí. Mo jókòó sí iwájú ilé ní ọjọ́ Àìkú, ó gbé fóònù rẹ̀ wá bá mi tẹ̀ríntẹ̀rín: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá wo nǹkan o, a ti ga ju Gúúsù Áfíríkà lọ!" Ohun tó fi hàn mí ni àtẹ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, irú èyí tó máa ń to ọmọ ogun gbogbo orílẹ̀-èdè ní ipò lọ́dọọdún, tí wọ́n á ka bàálù ogun, tánkì, ọkọ̀ ojú omi àti iye ọmọ ogun, tí wọ́n á sì ṣírò gbogbo rẹ̀ di máàkì kan ṣoṣo. Ìjíbítì ló ṣíwájú ní Áfíríkà, Àlgéríà tẹ̀ lé e, àwa náà sì ń bọ̀ lẹ́yìn wọn. Mo bá a yọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi, nítorí pé èrò mi ni pé ohun tí irú àtẹ bẹ́ẹ̀ ń kà àti ohun tí ń jà lójú ogun kì í sábà jẹ́ ọ̀kan náà.

Ọgbà mẹkáníìkì tí mo máa ń gbé ọkọ̀ lọ ni mo fi ń rò ó. Peugeot 504 mẹ́ta ló wà níbẹ̀, funfun ni wọ́n nígbà tí ojú wọn ṣì mọ́. Ọ̀kan ń ṣiṣẹ́. Èkejì kò ní iná iwájú, kò ní kabúrétọ̀, bíríkì ni wọ́n fi gbé ìdí rẹ̀ sókè. Ẹ̀kẹta ti di ibi tí adìyẹ ń yé sí. Ọ̀gá mẹkáníìkì kò fi bò fún mi pé ara àwọn méjì wọ̀nyí ni òun ti ń yọ páàtì tí ọ̀kan yẹn fi ń rìn, nítorí pé ohun tí òun ń wá kò sí ní ọjà páàtì Gate níbí mọ́, bí ó bá sì wà ní Ládípọ̀ ní Èkó, owó tí wọ́n ń pè é kò ṣe é gbọ́ sétí. Bí ẹni tó ṣe àtẹ yẹn bá wọ inú ọgbà náà, ọkọ̀ mẹ́ta ni yóò kọ sílẹ̀, yóò sì máa bá tirẹ̀ lọ.

Ẹ wo ọkọ̀ ojú omi ogun wa tí wọ́n ń pè ní NNS Aradu. Ìlú Hamburg ní Jámánì ni wọ́n ti kàn án, ọdún 1982 ló sì wọ iṣẹ́. Ní àkókò náà, ìwọ̀nba ni orílẹ̀-èdè ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú tó ní irú rẹ̀: ó ní ohun ìjà tó lè rì ọkọ̀ ọ̀tá láti ọ̀nà jíjìn, hẹlikópítà sì lè bà sí ẹ̀yìn rẹ̀. Òun ni aṣíwájú gbogbo ọkọ̀ ojú omi ogun wa nígbà náà. Àmọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, èbúté ni ó so mọ́, tí kò lè jáde lọ sójú òkun, tí ìjọba kan ń lọ, tí òmíràn ń bọ̀, tí ọ̀rọ̀ àtúnṣe rẹ̀ kò sì yé jáde. Ọkọ̀ náà kò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni o. Owó tí a fi rà á ni a rántí, a kò rántí owó tí yóò máa jẹ.

Gúúsù Áfíríkà tí ọmọ àdúgbò mi ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ gan-an ni ìtàn rẹ̀ kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ jù lọ. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1977, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe ta ohun ìjà fún ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà tó wà níbẹ̀ nígbà náà. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀, ó tilẹ̀ pẹ́ kí wọ́n tó pa àṣẹ náà. Àmọ́ nígbà tí ọjà ti sé mọ́ wọn lójú, wọ́n dojú kọ ṣíṣe é fúnra wọn. Àdó olóró tí wọ́n ń rì mọ́lẹ̀ ní ojú ọ̀nà ní Nàmíbíà àti ní ààlà Àǹgólà ló mú wọn ṣe ọkọ̀ Casspir, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣe ṣóńṣó bí ìdí ọkọ̀ ojú omi, kí agbára ìbúgbàù lè yà sí ẹ̀gbẹ́ dípò kó wọlé bá àwọn tó jókòó sínú. Ọgbọ́n yẹn kan náà ni Amẹ́ríkà wá mú lò nígbà tí àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ń kú sórí àdó olóró ní Ìráàkì. Ó ń dùn mí pé ìjọba tí ń ni aláwọ̀ dúdú lára ni ọgbọ́n náà kọ́kọ́ sìn, nítorí pé orí ilẹ̀ wa níbí ni wọ́n ti ronú rẹ̀ jáde.

Lẹ́yìn tí òmìnira dé, ìjọba tuntun ra ohun ìjà rẹpẹtẹ ní ọdún 1999, ẹ̀sùn àbẹ̀tẹ́lẹ̀ sì ń tọ ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn títí dòní. Bàálù ogun Gripen mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló wá láti Swídìn. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, gbogbo Gripen wọ̀nyẹn jókòó sílẹ̀ fún nǹkan bí ọdún kan gbáko, kì í ṣe pé ọ̀tá yìnbọn lù wọ́n, bí kò ṣe pé àdéhùn ìtọ́jú láàárín ìjọba àti ilé iṣẹ́ tó ṣe wọ́n ti parí, wọn kò sì tíì fọwọ́ sí òmíràn. Ní àkókò kan náà, Denel, ilé iṣẹ́ ìjọba tó jogún ọgbọ́n àwọn tó ṣe Casspir, kò rí owó oṣù san fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ déédéé, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ sì ń kó lọ sí òkè òkun. Nínú àtẹ ńkọ́? Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n náà ni.

Àwọn tó wà lókè àtẹ kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àlgéríà tí owó epo wà lọ́wọ́ rẹ̀ ra bàálù MiG-29 lọ́wọ́ Rọ́ṣíà, nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, wọ́n ní páàtì tó ti pẹ́ ló wà nínú àwọn tí wọ́n tà fún wọn bí tuntun, ni wọ́n bá kó mẹ́ẹ̀ẹ́dógún padà fún ẹni tó ni ín ní ọdún 2008. Mo kan sáárá sí wọn. Ẹni tí kò bá ní ẹni tó mọ inú ẹ̀rọ kò lè mọ̀ pé tòkúnbọ̀ ni wọ́n tà fún òun.

Ti Ìjíbítì tilẹ̀ jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ra bàálù ogun Rafale mẹ́rìnlélógún lọ́wọ́ Faransé ní ọdún 2015. Nígbà tí wọ́n tún fẹ́ ra díẹ̀ sí i, pẹ̀lú ohun ìjà olóró tí bàálù náà máa ń jù láti ọ̀nà jíjìn, ọ̀rọ̀ wá di pé páàtì kékeré kan tó ti Amẹ́ríkà wá wà nínú ohun ìjà náà, Amẹ́ríkà sì ní òun kò fọwọ́ sí i. Ẹni tó ń tà fẹ́ tà, ẹni tó ń rà ní owó lọ́wọ́, síbẹ̀ ẹni kẹta tí kò sí nídìí ọjà ló mú ọ̀rọ̀ náà dúró.

Nàìjíríà mọ adùn irú ọ̀rọ̀ yìí àti ìkorò rẹ̀. Ní ọdún 2014, nígbà tí Boko Haram ń gba ìlú lọ́wọ́ wa ní Bọ́rọ̀nú, a fẹ́ ra hẹlikópítà Cobra lọ́wọ́ Ísírẹ́lì, Amẹ́ríkà tó kọ́kọ́ ṣe é ní rárá. Lẹ́yìn náà, a béèrè fún bàálù Super Tucano méjìlá. Bí ó ṣe kù díẹ̀ kí wọ́n fọwọ́ sí i, bàálù ogun wa ju bọ́ǹbù sí àgọ́ àwọn tí ogun lé kúrò nílé ní Rann, ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 2017, ó sì pa ènìyàn tó ju ọgọ́rùn-ún lọ. Wọ́n dá ọjà náà dúró. Ìjọba tó gorí oyè lẹ́yìn ìyẹn ní Amẹ́ríkà ló wá gbà á láàyè, oṣù keje ọdún 2021 ni mẹ́fà àkọ́kọ́ tó balẹ̀ sí Kánò. Nǹkan bí mílíọ̀nù lọ́nà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta dọ́là ni gbogbo rẹ̀ ná wa.

N kò ní bu Amẹ́ríkà nítorí Rann. Bí mo bá jẹ́ wọn, èmi náà ì bá béèrè bí a ó ṣe lò ó, nítorí pé lẹ́yìn nǹkan bí ọdún méje, ní ọjọ́ 3 oṣù kejìlá ọdún 2023, dúróònù àwọn ọmọ ogun wa tún pa ènìyàn tí kò dín ní márùndínláàádọ́rùn-ún níbi tí wọ́n ti ń ṣe Máólúdì ní Tudun Biri ní ìpínlẹ̀ Kàdúná. Ohun ìjà tuntun kò fún ẹni tó ń lò ó ní ojú tuntun. Àmọ́ ohun méjì ni ọ̀rọ̀ yìí: bí a bá ṣe ohun tó burú, ó yẹ kí ilé ẹjọ́ wa àti ilé aṣòfin wa fi ọwọ́ kọ́lọ́rùn dá wa dúró, kì í ṣe kí a máa dúró de àjèjì kó wá pinnu ìgbà tí a lè dáàbò bo Bọ́rọ̀nú.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí tètè yé Yorùbá. Nígbà ogun Kírìjì tí Ìbàdàn bá Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà jà, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1877 tí wọn kò tú àgọ́ rẹ̀ ká títí di 1893, Ìbàdàn ni gbogbo ayé ń bẹ̀rù, òun ló ní jagunjagun tó pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n ìbọn àti ẹ̀tù ní láti gba etí òkun wá, Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú ló sì wà ní ojú ọ̀nà. Wọ́n tì í. Àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó wà ní Èkó dáwó jọ, wọ́n ra ìbọn tí a ń ki ọta sí láti ìdí, wọ́n fi ránṣẹ́ sí Ògèdèǹgbé àti Fábùnmi, àwọn olórí ogun wọn. Ṣakabùlà, ìbọn àtijọ́, ló kún ọwọ́ ọmọ ogun Ààrẹ Látòósà ti Ìbàdàn. Ìró ìbọn tó wá láti òdì kejì, "kírìjì, kírìjì", ló di orúkọ ogun náà. Bí wọ́n bá to àtẹ ní ọdún 1877, ipò kìíní ni Ìbàdàn ì bá wà.

Ohun kan wà tí mo máa ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá sọ pé a kò tíì pẹ́ tó láti ṣe tiwa. Ọdún 1964 ni ìjọba Nàìjíríà dá DICON, ilé iṣẹ́ ohun ìjà tó wà ní Kàdúná, sílẹ̀, ilé iṣẹ́ Jámánì kan tó ń jẹ́ Fritz Werner ló sì bá wa gbé e kalẹ̀. Ọdún 1969 ni Bràsíl dá Embraer sílẹ̀. Embraer ló ya àwòrán Super Tucano tí a fi owó tó tó bẹ́ẹ̀ rà. Àbúrò DICON ni. Málì, Burkina Faso, Mọriténíà àti Àǹgólà náà ti ra nínú bàálù kan náà lọ́wọ́ wọn. DICON ń ṣe ọta ìbọn, ó sì ń ṣe ìbọn OBJ-006, àmọ́ òkè òkun ni a ṣì ti ń ra ọ̀pọ̀ ìbọn tí àwọn ọmọ ogun wa ń gbé. Ọdún 2023 ni wọ́n tó ṣe òfin tuntun fún un, èyí tó fi àyè sílẹ̀ fún àwọn aládàáni láti bá a dòwò pọ̀. Láàárín ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta yẹn, ó yẹ kí ẹnìkan dáhùn fún wa.

Síbẹ̀, ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ wà. Ní Òde-Rẹ́mọ, ní ìpínlẹ̀ Ògùn níbí, ilé iṣẹ́ aládàáni kan tó ń jẹ́ Proforce ń ṣe ọkọ̀ tí ọta kì í wọ̀, ó sì sọ ọ̀kan nínú wọn ní Àrá, orúkọ tí kò nílò ògbufọ̀ fún ọmọ Yorùbá kankan. Àwọn ọmọ ogun ojú omi wa náà ti kan NNS Andoni ní ilẹ̀ yìí ní ọdún 2012, wọ́n kan NNS Karaduwa tẹ̀ lé e ní ọdún 2016, lẹ́yìn náà NNS Oji. Kò sí èyí tó tó Aradu nínú wọn, òkè òkun ni a sì ti ń ra ẹ̀rọ tó ń wa irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó kàn án mọ ibi tí ìṣó kọ̀ọ̀kan wà, ó sì wà ní ìtòsí tí a bá nílò rẹ̀. Èmi fẹ́ràn ọkọ̀ kékeré tó ń jáde lọ sójú òkun ju ọkọ̀ ńlá tó so mọ́ èbúté lọ.

N kò sọ pé kí a má ṣe rà o. Kò sí orílẹ̀-èdè tó ń ṣe gbogbo rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀ Super Tucano pàápàá, bí ó ṣe wọ́n tó, wọ́n rò ó dáadáa ní apá kan: àwọn awakọ̀ àti àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ wa, mẹ́rìnlélọ́gọ́ta, lọ kọ́ṣẹ́ ní ìpínlẹ̀ Georgia ní Amẹ́ríkà kí bàálù tó dé, wọ́n sì tún ibùdó Kainji ṣe dè é. Irú ọjà bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́. Èyí tí n kò fẹ́ ni ti àwọn dúróònù tí ìjọba ń rà ní kánkán káàkiri Sàhẹ́lì báyìí, tí wọ́n á gbé àwòrán rẹ̀ jáde pẹ̀lú ìlù àti fèrè, tí ẹnikẹ́ni kò ní sọ fún ará ìlú iye páàtì tó bá a wá, ẹni tí yóò tún un ṣe, àti ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ẹni tó tà á bá bínú. Àwọn àgbà ti sọ nípa ṣòkòtò àgbàbọ̀ pé bí kò fún ni lẹ́sẹ̀, á ṣoni.

Ìbéèrè mẹ́ta péré ni mo fẹ́ kí àwọn aṣòfin wa bi ọ̀gágun tó bá gbé ìṣúná wá: nínú gbogbo ohun tí ẹ rà ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, mélòó ló ń ṣiṣẹ́ lónìí, ta ló ń tún un ṣe, bí ẹni tó tà á bá kọ̀ láti dá wa lóhùn lọ́la, oṣù mélòó ni a lè fi lò ó? N kò ní kí wọ́n ka ìdáhùn náà sí etí ọ̀tá. Wọ́n lè ti ilẹ̀kùn.

Ọmọ àdúgbò mi padà wá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ó tún ti rí àtẹ mìíràn. Mo bi í pé, "Àwọn bàálù tí wọ́n kà fún wa yìí, mélòó nínú wọn ló lè gbéra lónìí?" Ó wo fóònù rẹ̀, ó fi ìka fà á sókè, ó fà á wálẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kò sí ibi tí wọ́n kọ ìyẹn sí."