Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ fi ẹsẹ̀ gba físà, ẹ jókòó ká sọ̀rọ̀

Àbúrò mi kan ní Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin, fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kò sẹ́ni tó lè bá mi sáré mọ́ ní CEG, ilé ìwé girama wa. Bàbá mi fẹ́ ta ilẹ̀ ọ̀nà Ìlárá. Ọ̀gá kan ní Kùtọnu ló máa bá wa ṣe bourse, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ nítorí eré sísá, ní Amẹ́ríkà." Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta. N kò dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀ torí inú ń bí mi. Kì í ṣe sí i o, sí ọ̀gá Kùtọnu yẹn ni. Mo wá ní kí n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀ fún gbogbo yín, ará Kétu, ará Pobè, ará Sábẹ̀ẹ́, ará Àjàṣẹ́.

Èmi náà gbójú lé ẹsẹ̀ mi. Màmá mi ló jẹ lọ́tírì físà, mo jẹ́ ọmọ ọdún 16 nígbà tí a dé ìpínlẹ̀ Massachusetts. Ní Kétu, orí pápá bọ́ọ̀lù la ti ń sáré, láìwọ bàtà, iyẹ̀pẹ̀ pupa á kún ojú àti imú. Fóònù ni tíṣà wa fi ń ka àkókò. Mo máa ń fẹ̀yìn àwọn ọkùnrin gbolẹ̀. Ẹ ò rí i pé mo ti di ìràwọ̀ kí n tó wọ bàálù!

Nígbà tí ìgbà òtútù dé, wọ́n ní inú ilé la ó ti máa sáré. Ẹ̀rín pa mí. Ta ló ń sáré nínú ilé? Àmọ́ láti oṣù Kejìlá títí wọ oṣù Kẹta, yìnyín a máa bo pápá ìta, bí wọ́n ṣe ń kó gbogbo ayé wọ gbọ̀ngàn nìyẹn. Pápá ìta, ìyípo kan jẹ́ 400 mítà. Ti inú gbọ̀ngàn, 200 péré. 100 mítà tí ẹ fi ń yangàn kò sí níbẹ̀ rárá, ilé ò gùn tó. 60 mítà ni àwọn àgbà ń sá, 55 ni ti àwa ọmọ ilé ìwé níbí. Tìmùtìmù ńlá ni wọ́n gbé ti ògiri lẹ́yìn ibi tí eré parí sí, torí kí ẹsẹ̀ èèyàn tó dúró, ògiri ti dé.

Ilé ìwé wa kò tilẹ̀ ní gbọ̀ngàn bẹ́ẹ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwé la ti ń ṣe ìdánrawò, láàárín àpótí ìwé àwọn ọmọ, lórí sìmẹ́ńtì tí wọ́n fi táìlì bò. Ẹ sá eré àsápajúdé nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí tíṣà ìṣirò ṣílẹ̀kùn lójijì! Láàárín oṣù kan, ojúgun mi ń ro mí débi pé mi ò lè sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn láìdi ògiri mú. Ilẹ̀ Kétu le lóòótọ́, àmọ́ kò le tó sìmẹ́ńtì.

Eré mi àkọ́kọ́, 300 mítà ni, ìyípo kan àti ààbọ̀. Ìlà kìíní ni wọ́n fún mi, mo sì rò pé oríire ni. Ìlà kìíní ni kọ́nà rẹ̀ há jù. Kódà ní ìdíje àgbáyé inú gbọ̀ngàn, ọdún 2004 ni wọ́n ti sá 200 mítà kẹ́yìn, torí ẹni tó bá bọ́ sí ìlà inú ti fìdí rẹmi kó tó gbéra. Ìbọn dún, òrùlé dá a padà, àyà mi já. Mo fò jáde bí ẹni tí ajá ń lé, bí mo ṣe máa ń ṣe nílé. Nígbà tí mo dé kọ́nà, ara ń fà mí síta, ẹsẹ̀ ń wá ibi tí yóò tẹ̀. Àwa mẹ́fà la sá a, ẹni karùn-ún ni mí, nínú ọ̀wọ́ tó fà jù lọ. Ìṣẹ́jú àáyá 47. Agogo mẹ́ta ọ̀sán la dé ibẹ̀, agogo mẹ́jọ alẹ́ ni mo sáré. Wákàtí márùn-ún lórí ilẹ̀, nítorí eré tí kò tó ìṣẹ́jú kan.

Lẹ́yìn náà ni ikọ́ dé. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ gbẹ ju ti ọyẹ́ lọ, ọ̀fun á máa ta bí ẹni tó lá irin. Gbogbo bọ́ọ̀sì ló ń wúkọ́ padà sílé. Màmá mi gbọ́ ikọ́ náà lóru, ó pariwo, ó ní ikọ́ ife ti kó ọmọ òun. Ọjọ́ kejì ló ń wá efinrin kiri Boston nínú yìnyín.

Ẹ ó ní kí n sinmi àròyé. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká sọ ti ìwé, torí ìwé ló ń ṣáájú ẹsẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ yìí, ẹni tó bá ti pé ọmọ ọdún 19 kí ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án tó dé, kò gbọdọ̀ sáré fún ilé ìwé girama lọ́dún náà. Ẹ mọ iye ọdún tí ọ̀pọ̀ wa jẹ́ kí a tó ṣe BAC, ìdánwò àṣejáde girama. Ẹ sì mọ bí ọ̀rọ̀ ìwé ọjọ́ orí ṣe rí lọ́dọ̀ wa. Ẹ má dán an wò. Irọ́ inú ìwé físà lè ti ilẹ̀kùn Amẹ́ríkà mọ́ yín lójú títí láé. Ẹni tó bá sì gba físà akẹ́kọ̀ọ́ wá sí ilé ìwé girama ti ìjọba, oṣù 12 péré ni, ó sì gbọ́dọ̀ san owó ẹ̀kọ́ ọ̀hún pé láìdín kọ́bọ̀.

Ti yunifásítì wá ńkọ́? Àwọn ilé ìwé tó wà ní Division III, ìpele kẹta nínú ìdíje eré ìdárayá yunifásítì, kì í fún ẹnikẹ́ni ní sẹ́fà kan nítorí eré. Àwọn tó ń fúnni, ọ̀pọ̀ ń pín in wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ ni. Ẹni tí wọ́n san gbogbo owó fún kò pọ̀. Àkókò tí tíṣà fi fóònù kà, wọn ò kà á sí. Kóòṣì tí ẹ sì ń wá, ìmeèlì rẹ̀ wà lórí ojú òpó yunifásítì rẹ̀ fún gbogbo ayé. Ọ̀fẹ́ ni. Kí ni ọ̀gá Kùtọnu fẹ́ fi owó ilẹ̀ ṣe?

Ní oṣù Kẹta ọdún 2024, nígbà tí Noélie Yarigo, sárésáré Benin wa, ọmọ Matéri, gba àmì ẹ̀yẹ bàbà nínú eré 800 mítà nínú ìdíje àgbáyé abẹ́ òrùlé ní Glasgow, fóònù mi kò sinmi. "Ṣé o rí i? Inú ilé náà ló ti sá a!" Inú mi dùn, mo pariwo níbi iṣẹ́. Àmọ́ ọmọ ọdún 38 ni nígbà yẹn, ó sì ti lọ sí Òlíńpíìkì ní Rio láti 2016. Ẹ bi ara yín léèrè ohun tó ń jẹ ní gbogbo ọdún tí kò gba nǹkan kan.

Èmi? Mo sá 300 mítà dé ìṣẹ́jú àáyá 43 kí n tó jáde. Kóòṣì kan ṣoṣo ló kọ̀wé sí mi, Division III. Ẹ ti mọ èyí tó kù. Ilé àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́ alẹ́ báyìí, mo ń wẹ̀ wọ́n, mo ń pààrọ̀ aṣọ wọn, mo sì ń lọ sí ilé ìwé lójúmọmọ. Mi ò kábàámọ̀ pé mo sáré. Àwọn ọmọbìnrin tí a jọ jókòó lórí ilẹ̀ gbọ̀ngàn yẹn ni ọ̀rẹ́ mi títí di òní.

Mo ti dá àbúrò mi lóhùn lánàá. Mo ní kó gbé fóònù fún bàbá rẹ̀, a sì sọ̀rọ̀ pẹ́. Ilẹ̀ náà ṣì wà. Bàtà oníṣòó mi wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, nọ́ńbà 39, ẹnì kan tó ń bọ̀ nílé lóṣù Kejìlá á bá mi gbé e fún un. Àmọ́ ìṣó rẹ̀ kúrú, ti inú gbọ̀ngàn ni, kò ní lè mú ilẹ̀ Kétu dáadáa. Kó wá èyí tó gùn díẹ̀ fi rọ́pò rẹ̀.